Omi Tó Ń Ṣàn Lẹ́nu Ọ̀nà Búkà Mi

Abọ́ tánganran kan wà ní búkà mi nígbà náà. Funfun ni, etí rẹ̀ láwọ̀ búlúù, ìyá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Òun la fi ń bu omi ìfọwọ́ fún oníbàárà. Bí àwọn èèyàn bá ti jókòó yí tábìlì ká, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á gbé abọ́ náà wá, á kúnlẹ̀, á gbé e síwájú ẹni tó dàgbà jù. Àgbà yẹn á ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú omi, á mì í síwá sẹ́yìn, á gbọ̀n ọ́n, á wá sún abọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù, tí àwọ̀ omi á ti yí padà. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan burúkú nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pààrọ̀ omi lẹ́yìn tí bàbá àgbà fọwọ́ tán, ó ti fi ìwọ̀sí kan bàbá náà nìyẹn, bí ẹni pé ó ní ọwọ́ wọn ń rùn.

Ọ̀wọ̀ ni búkà mi wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkàrẹ́, kò jìnnà sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Iyán là ń tà. Ẹ lè rí ìrẹsì lọ́dọ̀ wa bí ẹ bá fárígá, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ojú tó dáa wò yín. Àwọn àgbẹ̀ máa ń kó iṣu wá fún mi láti Òkèlúsè àti Ìyẹrè, àwọn náà á sì jókòó jẹun kí wọ́n tó padà. Àwọn tíṣà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ará Àkókó tó ń ṣòwò nílùú wa, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ jókòó lójoojúmọ́.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní kánsù kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àgbà ìjọ ni wọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kì í hunjọ, tí bàtà rẹ̀ kì í léruku. Tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni tiwọn àti ti àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ẹnu wọn padà sípò, wọ́n tún ń rìn, ó kàn jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ díẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ní ó ṣì ń bọ̀ sípò. Inú àpò dàńṣíkí ni ọwọ́ náà máa ń wà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá jáde. A kì í bi wọ́n léèrè. Bàbá mi kì í ṣe ẹni téèyàn ń bi ní irú ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Òjò ń rọ̀ gan-an lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, gbogbo rédíò ló sì ń pariwo àrùn onígbá-méjì. Ni wólé-wólé bá dé. Ọmọbìnrin kan báyìí ni, mo lè bí i, ó wọ yunifọ́ọ̀mù, kò sì rẹ́rìn-ín. Mo mú un yí ká. Mo fi síǹkì ìfọbọ́ hàn án, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan. Mo fi ràákì tí abọ́ ń gbẹ lé hàn án, mo ṣí ìdérí tánkì kó yọjú wo inú ẹ̀, mo mú un dé ilé ìyàgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìnkùlé, mo sì ní tó bá rí eṣinṣin kan ṣoṣo níbẹ̀ kó mú un wá kí n wò ó. Kò rí ọ̀kankan. Inú mi ń dùn, mo ti ń múra láti bu iyán fún un.

Ó ní rárá o, òun ò jẹun, òun kàn fẹ́ jókòó. Ó jókòó ní kọ̀rọ̀, ó ń wo abọ́ tánganran náà bó ṣe ń ti tábìlì kan bọ́ sí ìkejì. Nígbà tó ṣe, ó pè mí.

Ó ní, "Mọ̀mí, omi inú abọ́ yẹn, ìgbà wo lẹ bù ú?"

Mo ní, "A ń pààrọ̀ ẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́yìn?"

Mo wo ọmọ tó ń gbé abọ́. Ọmọ náà wo ilẹ̀.

Wólé-wólé ní, "Ibí mọ́ ju ibi púpọ̀ tí mo ti dé lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n abọ́ yẹn nìkan tó láti ti búkà yìí pa. Mo máa padà wá. Omi tó ń ṣàn ni kí n bá, pẹ̀lú ọṣẹ, kí kálukú máa fọ ọwọ́ méjèèjì kó tó jẹun. Bí mi ò bá bá a, màá fi àgádágodo sí i."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo ń kùn títí ó fi lọ. Èmi tí mo ti ń dáná láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ò tíì lọ́kọ! Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà rọlẹ̀, mo gbé abọ́ náà lọ síbi tí oòrùn ti ń ràn, mo wo inú ẹ̀ dáadáa. Erùpẹ̀ oko wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Èépá ẹ̀gúsí wà níbẹ̀. Òróró léfòó. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Inú omi yìí ni gbogbo wọn ń ki ọwọ́ bọ̀, tí wọ́n á wá fi ọwọ́ náà bu òkèlè sẹ́nu. Mo da omi náà nù, mo fọ abọ́, mo gbé e sórí àjà, mo sì ní ó di ìgbà kan ná.

Nígbà témi bá ti sọ báyìí, ó tán. Lọ́jọ́ kejì mo ra kẹ́ẹ̀gì ńlá kan tó ní tẹ́ẹ̀pù, irú èyí téèyàn ń fi ìka tẹ̀ kómi tó yọ. Mo gbé e ka orí irin lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé báfù sábẹ́ ẹ̀, mo gbé ọṣẹ olómi tì í, mo wá dúró síbẹ̀ fúnra mi. Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ẹni tí kò bá fọwọ́ níbí, òórùn iyán lásán ló máa gbọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ò bá mi fa nǹkan kan. Àwọn àgbẹ̀ náà fọ ọ́, wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí àwọn wà nílé-ìwé. Nígbà tó yá, bàbá mi wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjèèjì. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì kọjá bí ẹni tí kò rí i, wọ́n lọ jókòó.

Bàbá mi ní, "Gbé omi wá."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹnu ọ̀nà la ti ń fọwọ́ báyìí. Wólé-wólé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní, "Kí àwa dìde lọ tò sẹ́nu ọ̀nà? Pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí?"

Bàbá mi kàn ń wo kẹ́ẹ̀gì náà. Wọ́n wo ọmọ kan tó ń fi òsì tẹ tẹ́ẹ̀pù tó ń na ọ̀tún sábẹ́ omi, tó wá ń fi ọwọ́ méjèèjì para wọn pẹ̀lú ọṣẹ. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n tún ní, "Gbé abọ́ wá."

"Abọ́ ò sí mọ́, Bàbá."

Wọ́n mú fìlà wọn lórí tábìlì, wọ́n dé e, wọ́n sì jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn tẹ̀ lé wọn. Mo ní káwọn tó kù máa jẹun lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà fi ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan wà lódìkejì títì tó ń ta iyán, abọ́ tirẹ̀ ṣì ń yí ká, ibẹ̀ ni wọ́n kó lọ. Mo máa ń rí wọn láti ojú fèrèsé. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, wá bá mi. Wọ́n ní, "Ọmọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ máa lo tẹ́ẹ̀pù yín, ẹ dá abọ́ padà fún àwọn àgbà. Bí wólé-wólé bá ń bọ̀, ẹ gbé e pamọ́." Mo ní, "Àǹtí, tí onígbá-méjì bá wọlé, àwọn àgbà yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ mú lọ. Ṣé mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi bu ikú fún bàbá mi mu?" Wọ́n ní mo le bí òkúta. Mo ní bàbá mi ni mo fi jọ.

Ẹ má rò pé mi ò wá ọgbọ́n míì dá o. Mo ra búta, mo ní kí àwọn ọmọ máa fi da omi sí àwọn àgbà lọ́wọ́ níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ti padà wá lọ́jọ́ yẹn, torí iyán òdìkejì kò kúnná. Nígbà tó rí búta lọ́wọ́ ọmọ, ó bi mí pé ṣé iyán lòun wá jẹ ni àbí ilé ìyàgbẹ́ lòun wá. Mo gbé búta kúrò, mo gbé jọ́ọ̀gì dé. Jọ́ọ̀gì ń da omi sí lésì àwọn èèyàn, ilẹ̀ ń yọ̀, ọmọ kan ṣubú tòun ti abọ́ ọbẹ̀. Mo gbé jọ́ọ̀gì náà kúrò.

Wólé-wólé padà wá, ó rí kẹ́ẹ̀gì, ó fọ ọwọ́ ara ẹ̀ níbẹ̀, ó ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ ìjọba tán. Àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ráhùn, wọ́n ń fọwọ́. Àfi bàbá mi.

Wọn ò lọ sódìkejì. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní wọ́n lọ jẹ níbẹ̀ ni, ǹ bá bínú kí n sì gbé e kúrò lọ́kàn. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nítòsí ilé wọn ló sọ fún mi pé búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mo gbé iyán sínú kúlà, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà, wọn ò ṣí i. Wọ́n ní kí ọmọ tó gbé e lọ sọ fún mi pé oúnjẹ táwọn ò lè jókòó jẹ lójú gbogbo èèyàn, àwọn ò ní jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ní àìsàn rọpárọsẹ̀ rí, tó ń lo oògùn lórí búrẹ́dì! Wọ́n ń rù, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sì ti ń wò mí níwòkuwò. Ìgbéraga ni mo pè é. Mo ní bí bàbá mi bá fẹ́ fi ebi na ara wọn nítorí ipò àgbà, mo ṣe tán láti lọ bá wọn, ká jọ sọ ọ́ lójú ara wa.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo gbọ̀nà ilé wọn. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ lẹ́nu. Mo kanlẹ̀kùn iwájú, kò sẹ́ni tó dáhùn, ni mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni kẹ́ẹ̀gì. Irú tèmi gan-an, tuntun, ó ní tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Wọ́n gbé e ka orí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá mi dúró síwájú ẹ̀ nínú ṣòkòtò àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí mi. Ọwọ́ òsì wọn ò sí nínú àpò kankan lọ́jọ́ yẹn. Ó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń mì bí apá aṣọ tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tẹ tẹ́ẹ̀pù, omi yọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ kúrò, omi dá. Wọ́n gbìyànjú láti fi àgbọ̀n tẹ̀ ẹ́, omi dà sí wọn láyà. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n fi eékún méjèèjì há ọṣẹ, wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan pa á, ọṣẹ fò bọ́ sínú ẹrẹ̀. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n mú un, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti di ẹrẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń ṣe é.

Mo fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ojú títì, mo fara ti ògiri ilé onílé, mo sunkún. Bàbá mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa wá jẹun lọ́dọ̀ mi, èmi sì ń pè é ní ìgbéraga. Nínú abọ́ tánganran, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n nílò. Wọ́n á ki ọ̀tún bọ̀ ọ́, wọ́n á mì í, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé òsì ńkọ́.

Mo nu ojú mi. Abọ́ ò ní padà wá, mo ti rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì yẹn náà ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà mi mọ́.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo wà lọ́dọ̀ wẹ́dà. Mo ní kó ṣe irin ìfọwọ́ kan fún mi, tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ kan fún omi, ẹsẹ̀ kan fún ọṣẹ. Ó ní òun ti rí irú ẹ̀ rí lásìkò kòrónà, ó rọrùn. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe, ó le débi pé èmi gan-an fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ kí omi tó yọ. Mo ní kó tú u. Ó ní, "Mọ̀mí, ó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀." Mo ní, "Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ ńkọ́? Ṣe é kó rọ̀." Ìkejì ń jò. Mo ní kó tú u. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀ láàárín iná àti èéfín, mo ní mi ò lọ síbì kankan. Ó bi mí pé ta ni yóò máa dáná. Mo ní àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ̀ pé mi ò ṣeré, ó ṣe é kó rọ̀, ó gbé e sókè kéèyàn má baà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi irin kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèyàn lè fara tì. Pílọ́ńbà wá fi páìpù gbé omi ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sínú sọkawéè. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì fún àwọn tó ń fọ iṣu lẹ́yìnkùlé.

Mo ránṣẹ́ sí bàbá mi. Mi ò ní kí wọ́n máa bọ̀. Mo kàn ní kí ọmọ tí mo rán bá mi sọ fún wọn pé, "Ẹsẹ̀ la fi ń ṣí omi báyìí."

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, wọ́n wọlé. Dàńṣíkí wọn funfun, ọwọ́ òsì wà nínú àpò. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn wà lẹ́yìn wọn. Gbogbo èèyàn ń ṣe bí ẹni pé àwọn ò wò wọ́n. Bàbá mi dúró síwájú irin ìfọwọ́ náà, wọ́n fara tì í, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e, omi ṣàn. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún síbẹ̀, omi ò dá. Wọ́n tẹ ìkejì, ọṣẹ bọ́ sí wọn láàárín ọwọ́.

Wọ́n wá dúró. Ẹsẹ̀ lè ṣí omi, ó lè fún ọṣẹ jáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ̀ tó lè bá èèyàn fi ọwọ́ para wọn. Èmi tí mo jókòó ti wẹ́dà bí ẹni tó wá sin gbèsè, mi ò rò ó débẹ̀. Wọ́n dúró pẹ̀lú ọṣẹ ní àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń wò ó.

Mo jáde láti ilé ìdáná. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo fi ẹsẹ̀ tèmi tẹ omi, mo fọ ọwọ́ mi méjèèjì, mo sì mú ọwọ́ ọ̀tún wọn.

Wọ́n rọra bi mí, "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"O dé ilé."

"Mo dé ilé, Bàbá."

Wọn ò fa ọwọ́ wọn gbà. Mo pa ọṣẹ náà yí ká, mo fọ ẹ̀yìn ọwọ́, mo fọ àárín ìka, mo ṣan án. Mo rò pé ó ti tán, mo fẹ́ na tísù sí wọn.

Wọ́n ní, "Wólé-wólé ní ọwọ́ mélòó?"

Mo ní, "Ọwọ́ méjèèjì ni."

Wọ́n fi ọ̀tún bọ àpò, wọ́n gbé òsì jáde lójú gbogbo búkà. Ó ti gbẹ ju bí mo ṣe rò lọ, àwọn ìka ẹ̀ ká sínú. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹrù fún èèyàn.

Wọ́n ní, "Fọ èyí náà."

Mo la àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fọ̀ ọ́. Mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ wọn kan fa ẹsẹ̀ súnmọ́ wa, tó tò sẹ́yìn wọn.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ ṣe kíá. Ebi ń pa wá."